Ìgò Ìtọ̀ Zulaikha

Ọjọ́ tí èsì àyẹ̀wò dé Efire, ijó ni Abibat fi pàdé rẹ̀. Àgbàlagbà obìnrin tí orúnkún ti ń yọ lẹ́nu, ó jó yí àrò tó fi ń yan ẹja po, ó fi ọwọ́ tó kún fún èéfín nu ojú, ó ń pariwo pé, "Alihamudulilai! Mo sọ bẹ́ẹ̀! Wọ́n ní kò sí nǹkan kan lára ọmọ mi! Ọmọ mi mọ́ o!"

Zulaikha ọmọ rẹ̀, tó jẹ́ òun gan-an ló ni èsì, kò jó. Ó jókòó wọ̀ọ̀ sínú eérú, ó di ọwọ́ méjèèjì mọ́ ìsàlẹ̀ ikùn.

Ẹni tó mú èsì wá ni Dókítà Hannah Adéníran, ọmọ àlùfáà Áńgílíkà kan ní Àgọ́-Ìwòyè, tó ń ṣe ìwádìí àìsàn ní yunifásítì tó wà níbẹ̀. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ agbọ̀n ẹja, kò mọ ibi tí yóò kọjú sí.

"Màmá, ẹ rọra ná," ó ní. "Kì í ṣe ìròyìn ayọ̀ ni mo gbé wá."

"Báwo? Ṣebí ẹ ò rí àrùn lára ẹ̀?"

"Mi ò rí aràn odò lára ẹ̀."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Kí la tún ń wá?"

"Aràn yẹn gan-an là ń wá, Màmá. Òun ló lè gbà á sílẹ̀. Bí kì í bá ṣe òun ló ń fa ẹ̀jẹ̀ lára ẹ̀, kí ni mo fẹ́ mú dání tí màá fi sọ fún àwọn ará ilé ọkọ ẹ̀ pé irọ́ ni wọ́n ń pa mọ́ ọn?"

Ẹsẹ̀ tí Abibat gbé sókè fún ijó, kò mọ ìgbà tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀.  Nítorí ohun kan wà nípa ìgò ìtọ̀ tí dókítà gbé lọ sí Àgọ́-Ìwòyè, tí òun nìkan mọ̀, òun àti ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé rẹ̀.

Ọdún mẹ́fà ni Zulaikha ti lò nílé ọkọ ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Qowiyyu Ọláníyọnu lorúkọ ọkọ, pákó ló ń tà. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, àmọ́ ó jẹ́ irú ọkùnrin tó jẹ́ pé bí ìyá rẹ̀ bá wúkọ́ lẹ́yìnkùlé, á ti dìde nínú ilé. Ọmọ kò dé. Oyún wá lẹ́ẹ̀kan, ó wálẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ló wá gba ipò ọmọ: ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀, ẹ̀jẹ̀ bí ọkọ bá sún mọ́ ọn, àti ìrora tí í mú kó di ògiri mú bó bá fẹ́ tọ̀. Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn kan. Wọ́n gba ìtọ̀ rẹ̀, wọ́n fi awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wò ó, wọn kò rí ẹyin aràn kankan. Wọ́n ní á jẹ́ pé àtọ̀sí ni, wọ́n fún un ní oògùn àtọ̀sí. Ó lò ó títí, ẹ̀jẹ̀ kò dá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àtọ̀sí yìí ti dé etí Ìyá Qowiyyu, ẹ sì mọ ohun tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lè dà lẹ́nu ìyá ọkọ tó ń wá ọmọ-ọmọ tí kò rí.

"Ọmọ tèmi ò ní àtọ̀sí," ó ní, lójú gbogbo ará ilé. "Níbo wá ni ìyàwó ti rí i? Ṣé inú ẹja ló ti kó o ni? Ọmọ etí odò! Omi ló bí wọn, ibi gbogbo ni wọ́n ń ṣàn dé!"

Qowiyyu kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó bá ìyàwó rẹ̀ gbé báàgì dé gáréèjì, ó sanwó ọkọ̀, ó yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí Zulaikha ṣe padà sí Efire nìyẹn. Alfa Làmídì tó so yìgì wọn ló dá wọn dúró kí wọ́n má tíì kọ̀ ọ́. Ó ní a kì í fi ọ̀rọ̀ ẹnu tú ohun tí a fi orúkọ Ọlọ́run so, ẹ jẹ́ ká rí ìdí àìsàn náà.

Lákòókò yẹn, Hannah ti ń wá sí Efire àti Abigi, ó ń gba ìtọ̀ àwọn tó ń wọ odò. Ó jókòó lórí àpótí nídìí àrò Abibat, ó ṣàlàyé fún ìyá àti ọmọ. Ó ní aràn kan wà tó ń ti inú ìṣáwùrú, ìyẹn ìgbín wẹ́wẹ́ inú odò, jáde sínú omi. Bí ọmọdé bá ń lúwẹ̀ẹ́, á gba awọ ara rẹ̀ wọlé, ọmọ náà ò ní mọ̀. Á dàgbà sínú ẹ̀jẹ̀, á máa yé ẹyin sí agbègbè àpò ìtọ̀. Lára ọmọdé, ẹyin náà á bá ìtọ̀ jáde, awò á rí i. Lára obìnrin tó ti gbé e láti kékeré, ẹyin á rì sínú ẹran ojú ara, kò ní jáde mọ́, á máa dá egbò síbẹ̀.

"Awò kan kò sì lè rí ohun tí kò jáde," Hannah ní.

Zulaikha sún mọ́ ọn. "Kí wá lẹ̀yin fẹ́ fi rí i?"

"Àwọ̀n."

Ìyá àti ọmọ wo ara wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín. Dókítà wá sí ìlú apẹja, àwọ̀n ló gbé wá!

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín ẹ," Hannah ní. "Aràn tó ń gbé inú ẹ̀jẹ̀, ṣebí á máa jẹ, á máa pọ̀? Èébì ẹ̀ ń bá ìtọ̀ jáde, ó kéré ju ohun tí awò lè rí lọ. Àmọ́ ara ẹ̀dá ní àwọn sójà kan nínú ẹ̀jẹ̀ tó máa ń dá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ̀, tó máa ń gbá a mú. Irú sójà yẹn ni mò ń ṣe. Ẹ̀yin náà ẹ mọ àwọ̀n. Bí ojú ẹ̀ bá fẹ̀ jù, ẹja á bọ́. Bó bá há jù, á kó ewé, á kó pàǹtírí. Èyí tí mò ń wá ni èyí tí á mú ẹja kan ṣoṣo, tí á jẹ́ kí gbogbo ìyókù kọjá."

"Níbo lẹ ti ń rí òwú ẹ̀?" Abibat bi í, ó fẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Tẹ́lẹ̀, Màmá, lára ehoro ni. A á gún ehoro lábẹ́rẹ́ èébì aràn yìí, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ á bí sójà, a á gbà á. Ṣùgbọ́n ti ehoro kan ò jọ tèkejì, bó bá sì kú, àwọ̀n tán. Ní báyìí, a ti mú àwòṣe sójà tó mọ ẹja náà jù lọ, a fi sínú kòkòrò tín-ín-tín kan tí ojú ò rí, òun ló ń hun àwọ̀n fún wa nínú ìgò, bí ògì ṣe ń kan nínú ìkòkò. Ẹranko lè kú. Àwòṣe ò kú."

Ó ní òun ṣì ń dán an wò ni o, kò tíì di ohun tí wọ́n ń lò káàkiri. Ṣùgbọ́n bó bá mú nǹkan nínú ìtọ̀ Zulaikha, òun á bá Alfa sọ̀rọ̀, òun á sì mú un lọ bá dókítà àwọn obìnrin tí yóò fi ojú rí egbò náà.

Gbogbo èyí ni Zulaikha gbọ́. Ohun tí Abibat gbọ́ yàtọ̀. Ó gbọ́ àrùn. Ó gbọ́ ojú ara. Ó gbọ́ pé ìtọ̀ ọmọ òun fẹ́ gun ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ àjèjì.

Abibat kì í ṣe ọmọ odò. Ìlú Òrù ni wọ́n bí i sí, lókè ilẹ̀, ọkọ ló gbé e wá sí Efire, àtìgbà náà kò wọ omi kọjá kókósẹ̀. Ẹja tí wọ́n bá gbé dé èbúté ni tirẹ̀ láti yan. Nílé tí wọ́n ti bí i, wọ́n ní ìlànà kan: ọmọbìnrin tí ọ̀rọ̀ bá wà lórí rẹ̀, omi ara rẹ̀ kì í jáde nílé. Omi tó fi wẹ̀, omi tó fi fọ aṣọ nǹkan oṣù rẹ̀, ìyá rẹ̀ ló ń dà á sẹ́yìn ilé, tí á fi ẹsẹ̀ wa erùpẹ̀ bò ó, kí ọ̀tá má baà rí i mú. Ìyá Abibat ṣe é fún un. Òun náà ti ń ṣe é fún Zulaikha láti ọjọ́ tó ti padà dé.

Ó sì tún rò ó síwájú. Bí wọ́n bá rí àrùn nínú ìgò yẹn, Ìyá Qowiyyu á fi ṣe orin. Bí wọn kò bá rí nǹkan kan, kí ló kù tó fẹ́ wí? Ọmọ tó mọ́ ni ọmọ tó mọ́.

Nítorí náà, nígbà tí Zulaikha ti ibi ìwẹ̀ na ìgò jáde, tí ìrora kò jẹ́ kó lè nàró, tó ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e fún dókítà," Abibat gbà á, ó gba ẹ̀yìn ilé kọjá. Ó da ìtọ̀ ọmọ rẹ̀ sílẹ̀. Ó wa erùpẹ̀ bò ó. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tọ ti ara rẹ̀ sínú ìgò, ó dé e, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún dókítà tìdẹ̀ra-tìdẹ̀ra. Ó rò pé omi lòun ń dà síwájú, kí ọmọ òun lè tẹ ilẹ̀ tútù.

Ilẹ̀ tútù náà rèé. Ọmọ jókòó sínú eérú.

Kí Hannah tó kúrò ní Efire ni fóònù Zulaikha dún. Alfa Làmídì ni. Ọmọbìnrin náà lè purọ́, kò purọ́. Ó ní, "Alfa, wọ́n ní àwọn ò rí i." Wọ́n gbọ́ bí Alfa ṣe mí kanlẹ̀ láti Ìjẹ̀bú-Igbó. Ó ní kò sí bóun ṣe lè dá wọn dúró mọ́, kí wọ́n máa bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán.

Abibat fẹ́ sọ ọ́. Ó la ẹnu, ẹnu pa dé. Ó gbé ẹja sórí àrò, ẹja jóná. Ó bu oúnjẹ fún Zulaikha, Zulaikha wò ó bí ẹni tí wọ́n bu yanrìn fún. Ó ní òun á sọ ọ́ bó bá jẹun tán. Kò jẹun. Ó ní òun á sọ ọ́ bó bá sùn jí. Kò sùn.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Abibat gbójú sókè nídìí iṣẹ́, kò rí ọmọ mọ́. Ó wo inú ilé, kò sí. Ó wo ibi ìwẹ̀, kò sí.  Ó fi ẹsẹ̀ tó ń dùn ún sáré gba ọ̀nà odò, ó sì rí i níbẹ̀: Zulaikha dúró nínú omi títí dé ìbàdí, tòun taṣọ, ó kọ ẹ̀yìn sí ilé.

"Zulaikha! Kí lò ń ṣe níbẹ̀?"

"Mò ń bi omi léèrè ni."

"O ń bi omi léèrè kí ni?"

"Wọ́n ní aràn ẹ̀ ò sí lára mi. Ọkùnrin míì ò sì fọwọ́ kàn mí rí láyé mi. Mo ní kó sọ ibi tí mo ti rí ẹ̀jẹ̀ yìí fún mi." Ó tún wọ inú sí i, omi dé àyà rẹ̀. "Màámi, bí mo bá sùn síbí, àtọ̀sí náà ni wọ́n á ní ó pa mí, àbí?"

Abibat tí kò wọ odò rí kó sínú rẹ̀ gìrìgìrì. Ẹrẹ̀ gba bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Omi gbé ìró rẹ̀ sókè bí agbòrùn. Ó di ọmọ rẹ̀ mú láti ẹ̀yìn, ó fún un mọ́ra, ọ̀rọ̀ náà sì tú jáde lẹ́nu rẹ̀ bí èébì.

"Kì í ṣe ìtọ̀ rẹ! Kì í ṣe ìtọ̀ rẹ ni wọ́n yẹ̀ wò, Zulaikha! Mo da tìrẹ nù. Tèmi ni mo tọ̀ sí i. Mo ní kí wọ́n má baà rí àrùn lára rẹ ni. Mo rò pé bó bá mọ́, ìwọ náà á mọ́. Pa mí, ọmọ mi. Pa mí, má pa ara rẹ."

Zulaikha kò mira. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀ débi pé odò fẹ́rẹ̀ẹ́ borí rẹ̀.

"Ẹ tọ̀ sí mi lórí, Màámi."

"Mo tọ̀ sí ọ lórí. Mo gbà."

Ọmọbìnrin náà yíjú padà, ó wo omi tó ti dé ìgbáyà ìyá rẹ̀. Ó di apá rẹ̀ mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí fà á sí èbúté. "Ẹ jáde," ó ní. "Ẹ jáde nínú omi yìí, aràn wà níbẹ̀."

Láti ìgbà náà, kò bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Bó bá fẹ́ iyọ̀, á tọ́ka sí i.

Ilẹ̀ mọ́, Abibat bẹ̀bẹ̀ títí ó fi gba ìtọ̀ mìíràn. Zulaikha gbé ìgò náà sílẹ̀ níwájú rẹ̀ bí ẹni gbé ìdọ̀tí sílẹ̀, ó padà wọlé. Abibat gun ọ̀kadà dé Abigi, ó wọ ọkọ̀ dé Ìjẹ̀bú-Òde, ó tún wọ òmíràn. Ó gba Òrù ìlú rẹ̀ kọjá, kò bojú wo ilé bàbá rẹ̀. Abẹ́ ìbòrí ló gbé ìgò sí títí dé Àgọ́-Ìwòyè, ó ń gbà á mọ́ra bí ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ.

Hannah gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó jókòó. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi ọwọ́ ra ojú.

"Màmá, ṣé ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ ṣe fún mi? Nínú gbogbo àwọn tí mo gba ìtọ̀ wọn, kò sí ẹni tí àpẹẹrẹ aràn yìí hàn lára ẹ̀ bíi ti Zulaikha. Nígbà tí àwọ̀n mi ò mú nǹkan kan nínú ìgò ẹ̀, mo ní àwọ̀n náà ò dáa nìyẹn. Èyí tó dáa jù nínú iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Mo ti gbé e tì. Mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ òmíràn."

Abibat kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ dídán yàrá iṣẹ́ dókítà. "Ẹ bínú sí mi, dókítà. Ẹ nà mí bẹ́ ẹ bá fẹ́. Ìtọ̀ ẹ̀ rèé. Ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò kí ọjọ́ Àìkú tó kò."

"Ẹ dìde, Màmá, ẹ má kúnlẹ̀ fún mi." Hannah wo ìgò náà, kò fọwọ́ kàn án. "Ìgò tó gba ọwọ́ yín kọjá? Mi ò lè gbà á. Bí mo bá gbà á, kí ni mo fẹ́ sọ bí wọ́n bá bi mí pé ta ló tọ̀ ọ́?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ Abibat lára ju ẹgba lọ. 

"Ohun kejì ni pé sójà tí mo hun ti tán. Àwọn tí mo yẹ̀ wò gbẹ̀yìn ló gbà á."

"Ó tán? Ṣé ehoro ti kú ni?"

Inú bí Hannah, síbẹ̀ ẹ̀rín bọ́ sí i lẹ́nu. "Kò sí ehoro níbẹ̀ mọ́, Màmá. Àwòṣe wà lọ́wọ́ mi. Màá fún kòkòrò wa, á tún un hun, ìkan náà gẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n kò lè yá ju bó ṣe ń yá lọ. Á kọjá ọjọ́ Àìkú dáadáa. Nígbà tí mo bá sì dé, ojú mi ni Zulaikha á ti gbé ìgò ẹ̀ jáde."

"Ṣé ẹ ò lè bá wa dé Ìjẹ̀bú-Igbó kẹ́ ẹ ṣáà sọ̀rọ̀?"

"Kí n sọ kí ni? Mi ò rí nǹkan kan ná. Ẹ̀yin lẹ ní ọ̀rọ̀ láti sọ níbẹ̀."

Lọ́jọ́ Àìkú, pálọ̀ àwọn Ọláníyọnu kún fún èèyàn. Qowiyyu jókòó, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Zulaikha jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó da ìbòrí bojú. Abibat kò jẹ́ kí wọ́n ṣe àdúà tán kó tó dìde, ó sì sọ ọ́ síwájú gbogbo wọn, bó ṣe da ìtọ̀ ọmọ rẹ̀ nù, bó ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ohun tó tọ̀ síbẹ̀. Àgbà obìnrin, níwájú àwọn àna! Àwọn ọkùnrin yíjú sí fèrèsé.

 Ìyá Qowiyyu pàtẹ́wọ́.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Zulaikha. Ìtọ̀ ìyá, ìtọ̀ ọmọ, èwo wá ni ká gbà gbọ́? Ẹni tó pààrọ̀ ìtọ̀ nígbà tí ìgò wà níwájú ẹ̀, kí ni ò lè pààrọ̀? Lọ́la ẹ̀ẹ́ tún dé, ẹ̀ẹ́ ní ìgò kejì ni ká tẹ̀ lé. Ṣé ilé ìtọ̀ la wá di ni?"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Abibat jókòó padà, torí pé òdodo wà nínú ọ̀rọ̀ obìnrin náà. Ó ti mú kí òtítọ́ ọmọ rẹ̀ jọ irọ́.

"Qowiyyu," ìyá rẹ̀ ní, "o gbọ́ tẹnu wọn."

Qowiyyu sọ ọ́. Kò gbójú sókè, ó ní òun kọ Zulaikha sílẹ̀. Alfa Làmídì sáré na ọwọ́ sí i lẹ́nu. "Ẹ̀ẹ̀kan! Ẹ̀ẹ̀kan nìyẹn, ó tó; ẹ̀ẹ̀mẹta ló ń já a pátápátá. Bó o bá tún un sọ, èmi àti ẹ." Ó yíjú sí ẹnu ọ̀nà. "Zulaikha, ọmọ mi, o mọ bó ṣe rí. Wàá dúró kó o fi rí nǹkan oṣù lẹ́ẹ̀mẹta. Kó tó pé, bí ọkọ rẹ bá yí ọkàn padà, ilẹ̀kùn ṣì ṣí sílẹ̀."

Zulaikha ká ìbòrí kúrò lójú. Ó fẹ̀sọ̀ sọ̀rọ̀, àmọ́ gbogbo ilé ló gbọ́.

"Alfa, obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ kì í dá, báwo ló ṣe fẹ́ mọ èyí tó jẹ́ nǹkan oṣù?"

Alfa Làmídì wo ilẹ̀. Kódà Ìyá Qowiyyu wo ilẹ̀. Nígbà tó yá, Alfa ní, "A ó wo òṣùpá mẹ́ta." Ibẹ̀ ni wọ́n ti tú ká.

Bí wọ́n ṣe ń wo òṣùpá nìyẹn. Òṣùpá kan lé, ó wọ̀. Ara Zulaikha ń joro, ìrora rẹ̀ kò sinmi. Abibat kì í jẹ́ kó rí òun nígbà tóun bá ń sunkún, ìdí àrò ló ń lọ, kó lè di ẹ̀bi omijé ru èéfín. Nígbàkigbà tí ọ̀kadà bá dún lójú ọ̀nà, á gbé ọrùn. Òṣùpá kejì lé, òun náà ń wọ̀ lọ, kò sẹ́ni tó bọ́ sílẹ̀ lórí ọ̀kadà. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí rò ó pé bóyá dókítà ti gbàgbé ẹni tó tàn án jẹ.

Hannah dé ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí wọn kò retí rẹ̀ mọ́, ó gbé kúlà lọ́wọ́. Ó ní ìwọ̀n ìgbà tí iná ń lọ ló jẹ́ kó pẹ́, àmọ́ àwọ̀n ti pé, ìkan náà gẹ́lẹ́. Ó fún Zulaikha ní ìgò, ó bá a dé ẹnu ibi ìwẹ̀, ó dúró síbẹ̀ bí ọlọ́dẹ.

Zulaikha jáde, ó di ògiri mú. Hannah na ọwọ́. Zulaikha kò gbé e fún un. Ó rọra rìn dé ibi tí Abibat ró sí lójú àgbàlá, ó sì gbé ìgò náà lé e lọ́wọ́.

"Màámi," ó ní. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ láti ìgbà odò. "Ẹ gbé e fún wọn."

Ibi tí Abibat wà kò jìnnà sí orí àpótí tí dókítà kó ẹrù sí. Ṣùgbọ́n bí ó ṣe rìn ín, ẹni tó gbé iná ní àtẹ́lẹwọ́ kò lè rìn bẹ́ẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e. Kò mí. Ojú Hannah kò kúrò lára rẹ̀, ojú Zulaikha kò kúrò lára rẹ̀. Ó gbé e lé orí àpótí, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn.

Hannah kán ìtọ̀ náà sórí bébà pélébé kan tó ti pa àwọ̀n rẹ̀ mọ́. Ó ní ìlà kan á kọ́kọ́ jáde, ìyẹn ń sọ pé bébà náà ń ṣiṣẹ́. Èkejì ni tiwọn. Ìlà kan jáde. Wọ́n dúró. Ewúrẹ́ kan ń jẹ èèpo gbágùúdá nítòsí, kò sẹ́ni tó lé e. Ibi tí ìlà kejì yẹ kó wà funfun gbòò. Abibat dijú, ó ń ka gbogbo àdúà tó mọ̀.

"Màmá," Hannah ní, ohùn rẹ̀ sì yí padà. "Ẹ la ojú yín."

Ó wà níbẹ̀. Ó kọ́kọ́ rí bíi òwú aláǹtakùn, lẹ́yìn náà ó pọ́n, ó pọ́n sí i.

"Ó mú un," Hannah ní. Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Àwọ̀n mi mú un."

Abibat bú jáde. "Ọmọ mi ní àrùn o! Efire, ẹ gbọ́ o! Aràn wà lára ọmọ mi! Alihamudulilai!"

Aládùúgbò kan na ọrùn lórí ọgbà. "Ìyá Zulaikha, ṣé orí yín pé báyìí?"

Àmọ́ orúnkún rẹ̀ kò gbé e jó lọ́tẹ̀ yìí. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, inú eérú, níbi tí ọmọ rẹ̀ jókòó sí níjọ́sí. Ó gbọ́ tí Hannah ń sọ pé oògùn tó ń pa aràn náà wà, kò wọ́n, pé dókítà àwọn obìnrin á wo egbò. Ó gbọ́ tí Zulaikha bi í pé, "Ọmọ ńkọ́?" Ó sì gbọ́ tí Hannah ní, "Mi ò mọ̀, àbúrò mi. Egbò náà ti pẹ́. Mi ò ní purọ́ fún ọ."

Wọ́n pe Alfa Làmídì. Hannah fúnra rẹ̀ ló bá a sọ̀rọ̀, ó ní bébà náà wà lọ́wọ́ òun, dókítà àwọn obìnrin á sì fi ojú rí ìyókù. Kò pẹ́ tí fóònù tún fi dún. Qowiyyu ni. Zulaikha gbé e sí ibi tí gbogbo wọn ti lè gbọ́.

"Zulaikha, Alfa ti sọ fún mi." Ó húkọ́. "Òṣùpá ò tíì pé. Mo ti gba ọ̀rọ̀ mi padà. Mò ń bọ̀ wá mú ọ lọ́la."

Zulaikha wo fóònù náà pẹ́. Ó wo ìyá rẹ̀ nínú eérú. Lẹ́yìn náà ó wo ìgò òfìfo tó kù nínú kúlà dókítà.

"Ẹ máa bọ̀," ó ní. "Ọdún mẹ́fà la fi wá ọmọ, èmi nìkan ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Ẹ gba ilé ìwòsàn kọjá, kí wọ́n yẹ ẹ̀yin náà wò. Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ tọ̀ sínú ìgò, ẹ tọ̀ sí i." Ó gbé fóònù náà sún mọ́ ẹnu. "Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ìyá yín bá yín gbé e o."